Ẹni Tó Lọ́ra Jù Ni Kó Ṣíwájú: Bá A Ṣe Fi Òkè Abuja Múra De Kilimanjaro

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tá a ti ti òkè Kilimanjaro ní Tanzania dé, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbà lórí WhatsApp lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Kubwa, Lugbe, Gwarinpa, kódà àwọn kan pè mí láti Kaduna: òkè wo lẹ rí l'Abuja tẹ́ ẹ fi dánra wò? Òkè wà, ó pọ̀ rẹpẹtẹ, ibi téèyàn bá yíjú sí l'Abuja àpáta ló máa rí. Ohun tí ò sí ni òkè tó ga tó èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lọ gùn. 5,895 mítà ni Kilimanjaro ga sí, àpáta Aso tí gbogbo ayé mọ̀ yìí, téńté orí ẹ̀ ò dé 1,000 mítà. Torí náà mi ò ní tàn yín, afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ lókè ọ̀hún, kò síbi tẹ́ ẹ ti lè fi kọ́ra l'Abuja. Àmọ́ ẹsẹ̀, bàtà, ẹrù, orúnkún, àti ìwà àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ, gbogbo ìyẹn lẹ lè yanjú kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, àwọn nǹkan yẹn náà sì ni mo rí tó ń dá èèyàn lágara lójú ọ̀nà.

Àwa mẹ́fà la lọ, ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin méjì. Àgbà wa ni àǹtí kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, òun la máa ń pè ní Àǹtí wa, ẹ máa gbọ́ nípa wọn dáadáa nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ọjọ́, kẹ́ ẹ kà á padà sẹ́yìn

Ìgbà méjì lójú ọjọ́ máa ń gbẹ dáadáa lórí Kilimanjaro, January sí ìbẹ̀rẹ̀ March, àti June sí October. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni kẹ́ ẹ fi múra, tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ìjókòó lẹ̀ ń ṣe bíi tàwa tá à ń wo kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. February la mú, ó sì dáa fún wa torí tó bá ti di November òjò ti dá l'Abuja, ọyẹ́ ń wọlé bọ̀, ilẹ̀ gbẹ, àárọ̀ tutù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ní August, àárín òjò ló máa dánra wò, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àpáta wa yìí, tí òjò bá ti pa á ṣe ló ń yọ̀ bí ọṣẹ, tí ààrá bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kù lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró lórí àpáta gbalasa. March àti April ni mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀. Ooru ìgbà yẹn ò ṣeé fi ṣeré.

Ìgbésẹ̀ kejì: kí kálukú sọ òótọ́ ara ẹ̀ síta

Kẹ́ ẹ tó gun òkè kankan, ẹ pàdé nílé ẹnì kan, ẹ jẹun, ẹ pa fóònù tì, kí kálukú wá sọ ohun tó ń ṣe é: ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ fée, àtọ̀gbẹ, orúnkún tó ti ń dun èèyàn látèṣín. Àwa Yorùbá máa ń bo irú nǹkan báyìí mọ́ra, a máa ń ní kí ayé má gbọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ jọ máa sùn sínú tẹ́ǹtì kan náà ní ibi tí ò sí họ́sípítù, ó yẹ kó mọ̀.

Ẹ sọ jẹnotáìpù náà. Ẹni tó bá jẹ́ SS, òkè gíga kì í ṣe ibi tó ń lọ láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀ fọwọ́ sí i. AS ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kàn, a máa ń ní AS ò ní nǹkan kan ń ṣe é, òótọ́ ni téèyàn bá wà nílé, ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ AS lè dì pa mọ́ inú ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ ìhà lápá òsì, ìrora tó ń fà kì í ṣe kékeré. Mi ò ní kí AS má gun òkè o. Ẹni méjì nínú wa AS ni wọ́n, wọ́n lọ rí dókítà, dókítà sọ ohun tí wọ́n á máa ṣọ́ fún wọn, àwa yòókù náà sì mọ ohun tá à ń ṣọ́.

Kẹ́ ẹ pọ̀ tó mẹ́rin sí mẹ́jọ. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, tí ẹnì kan fẹsẹ̀ rọ́, ta ló máa lọ pe èèyàn, ta ló máa dúró tì í?

Ìgbésẹ̀ kẹta: ibi tẹ́ ẹ máa gùn

Òkè Katampe wà láàárín ìlú, wọ́n ní ibẹ̀ ni ìdodo Nàìjíríà. Òkè pọ̀ lápá Mpape, ó tún wà láàárín Bwari àti Ushafa lápá ibi tí omi Usuma Dam wà, tèmi ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù torí atẹ́gùn máa ń fẹ́ wá láti ojú omi, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dàpọ̀, ẹ máa rí àpáta, ẹ máa rí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ máa rí koríko tó gùn dé ìbàdí. Àpáta Aso kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀ pátápátá, ìdí ẹ̀ ni ààrẹ ń gbé, àwọn sójà ò ní bi yín bóyá Kilimanjaro lẹ̀ ń lọ. Ẹ má sì gbé dúróònù lọ sí òkè kankan láìgbàṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fojú kéré ẹ̀. Gbogbo wa là ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá ìlú wa yìí. Ohun tá à ń ṣe nìyí: a kì í lọ síbi tá ò tíì béèrè nípa ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kì í ṣe oṣù tó kọjá. A máa ń kọ́kọ́ yà sí abúlé tó wà nídìí òkè, a máa kí wọn, Hausa díẹ̀ tá a gbọ́ yẹn máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, «ina kwana, yaya aiki», a máa rí olórí abúlé, a máa sọ pé gígun la fẹ́ gun òkè yín ká sì padà, a máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní ọmọ abúlé kan tó mọ ọ̀nà, a sì máa sanwó fún un dáadáa. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀ yẹn kí Abuja tó di Abuja, kò yẹ ká kàn já wọlé wọn bí ẹni tó ń wọ pápá bọ́ọ̀lù. Tí ọmọ tó mú wa lọ bá ní «ẹ má gba ibí yìí lónìí», a kì í bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, a máa padà ni.

Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé, ibi tẹ́ ẹ lọ, aago tẹ́ ẹ máa sọ̀, àti aago tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè tí ò bá gbúròó yín. Ẹ tan lókéṣàn sí i lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ tẹ́ ẹ bá ti yí sẹ́yìn òkè. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ẹ jẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ ọ́n lórí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bàtà

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ torí mo ti rí ohun tí bàtà ń fojú èèyàn rí.

Ẹ má ra bàtà tuntun tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdánrawò ni kẹ́ ẹ ti rà á, òun náà sì ni kẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ sí gbogbo òkè tẹ́ ẹ bá gùn, òun náà ni kẹ́ ẹ wọ̀ dé orí Kilimanjaro. Kó bo ọrùn ẹsẹ̀, kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ní eyín tó jìn, kí omi má lè wọ̀ ọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn lọ, kẹ́ ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú títí ọmọ ìka á fi kan iwájú bàtà, tí ìka ọwọ́ kan bá gba ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ó dáa. Tí ò bá gbà á, ẹ fi sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé owó ẹ̀ já wálẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ máa yọ́ síwájú, èékánná tó bá ń gbá iwájú bàtà fún wákàtí márùn-ún, dúdú ló máa dà, ó sì lè yọ dànù.

Ẹni tí ò bá lówó tuntun, òkìrìkà wà, mo rà tèmi ní bẹ́ńdì-dán-sẹ̀lẹ́ẹ̀tì, ó ṣì lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ká, ẹ wo ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Bàtà tó ti wà nínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ti lè kú, ojú lásán ò ní rí i. Ti ẹnì kan nínú wa ṣí lẹ́nu bí ọ̀nì lórí òkè Bwari, ní wákàtí kejì, okùn la fi so ó tá a fi sọ̀. Inú mi dùn pé Bwari ló ti ṣẹlẹ̀.

Ìléròrò: kò sí ẹni tó máa gun òkè tí ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ fi Vaseline pa àárín ọmọ ìka àti gìgísẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ má wọ ìbọ̀sẹ̀ kọ́tìnì torí ó ń fa òógùn mọ́ra ni kò sì ń gbẹ. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, ní ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára pé ibì kan ń gbóná nínú bàtà, ẹ dúró. Ẹ bọ́ ọ, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹni tó bá ní «ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé òkè ná», ó máa fi ọ̀sẹ̀ kan tiro.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹrù

Lórí Kilimanjaro, àwọn aláàárù ló máa gbé ẹrù ńlá yín, ohun tẹ́ ẹ máa gbé ni báàgì ẹ̀yìn tí omi, oúnjẹ, aṣọ òjò àti aṣọ òtútù wà nínú ẹ̀, kílò márùn-ún sí mẹ́jọ. Ká lè mọ ìwọ̀n ẹrù nígbà ìdánrawò, píọ̀ wọ́tà la lò. Ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà, ìdajì kílò nìyẹn, ogún ló máa ń wà nínú àpò kan, kò sẹ́ni tó nílò òṣùwọ̀n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mẹ́fà ni kẹ́ ẹ gbé, lẹ́yìn náà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà mẹ́rìnlá. Ẹwà tó wà níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá dé òkè, ẹ lè mu nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́jú, kẹ́ ẹ fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kí báàgì fúyẹ́ kẹ́ ẹ tó máa sọ̀, ìyẹn máa gba orúnkún yín lọ́wọ́ ìyà. Nílọ́ọ̀nù ẹ̀, ẹ kó o sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fi ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe àkìtàn.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé Abuja pẹ́, ẹ ti rí bí àwọn ìyá Gbagyi ṣe ń gbé igi ìdáná, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, wọn kì í rù ú. Ọ̀tọ̀ ni ti báàgì wa, ìbàdí ló yẹ kó gbé e. Ẹ so bẹ́líìtì ìbàdí ẹ̀ mọ́ orí egungun ìbàdí kó le, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fa ti èjìká díẹ̀. Tí èjìká bá ń dùn yín lẹ́yìn wákàtí kan, báàgì ti bọ́ sílẹ̀ jù nìyẹn. Omi wà lápá ẹ̀yìn, nítòsí ara, kó má máa fà yín sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ náà gan-an

Aago márùn-ún àbọ̀ la máa ń pàdé, ká fi wà nídìí òkè kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. A ò kì í rìn nínú òkùnkùn nínú igbó, ààbò ò jẹ́, ṣùgbọ́n torí pé òru ni wọ́n ń gun orí Kilimanjaro, nǹkan bí aago méjìlá òru, a máa ń fi tọ́ọ̀ṣì orí rìn yíká ẹ́sítéètì wa kílẹ̀ tó mọ́, ká lè mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ ilẹ̀ tó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kékeré iwájú èèyàn nìkan ló ń rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kó tó di aago méjìlá ọ̀sán a ti sọ̀ kalẹ̀.

Wàyí o, ìtò ìrìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́, àwa ọkùnrin la ṣíwájú, a ń fò láti orí òkúta dé orí òkúta, a máa dé ibì kan a máa dúró de Àǹtí wa, bí wọ́n bá sì ti ń dé ọ̀dọ̀ wa la máa dìde tá a máa ní «ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ». Ẹ rò ó wò. Àwa tára wa le la ń sinmi, ẹni tó rẹ̀ jù ò rí ìsinmi kankan. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, Àǹtí wa jókòó sórí àpáta kan, wọn ò sọ̀rọ̀, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ká máa lọ, pé àwọn ò lọ Kilimanjaro mọ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n, àwa la ṣe wọ́n.

Látọjọ́ yẹn, Àǹtí wa ló ń ṣíwájú. Ẹni tó tún lágbára díẹ̀ tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tára ẹ̀ le jù ló ń kẹ́yìn, òun ló ń gbé àpótí oògùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya ẹni iwájú sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣòro fún ẹsẹ̀ àwọn kan, wọ́n ní ó lọ́ra jù, ara ń yún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, nígbà tá a dé Tanzania, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń mú wa lọ sọ ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ ni «pole pole», jẹ́jẹ́ jẹ́jẹ́, ìrìn tí wọ́n sì ń rìn, ìrìn Àǹtí wa gan-an ni. Ara wa ti mọ̀ ọ́n. A rí àwọn ọ̀dọ́ tó sáré kọjá wa ní ọjọ́ kejì, a tún rí wọn lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n ń mú wọn sọ̀ kalẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gun igi.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìrìn yín dáa: tó o bá ń gun òkè tó o lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹhẹlẹ, o ń ṣe dáadáa. Tó o bá lè kọrin, o lè fi kún un díẹ̀. Tí o ò bá lè sọ̀rọ̀, dín in kù, má dúró, dín in kù ni. Lórí ibi tó bá dagun gan-an, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ẹ na orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbọnrangandan kí egungun gbé ara yín fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kẹ́ ẹ tó gbé èkejì. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ìrìn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìsinmi. Tẹ́ ẹ bá jókòó ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣan máa tutù.

Omi, lítà mẹ́ta fún ẹnì kan, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ má mu omi lásán nìkan tẹ́ ẹ bá ń làágùn gan-an, iyọ̀ ń bá òógùn jáde. ORS ti kẹ́míìsì dáa, tí ò bá sí, lítà kan omi, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí náà tẹ́jú, kó má ga. Oúnjẹ: dábínò, kúlíkúlí, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin bíbọ̀, kílíṣí. Ẹ gbìyànjú gbogbo ẹ̀ nísinsìnyí, torí lókè ọ̀hún oúnjẹ ò ní wù yín jẹ, ohun tí ẹnu yín bá ti mọ̀ nìkan ló máa wọlé.

Ìgbésẹ̀ keje: sísọ̀ kalẹ̀

Gbogbo èèyàn ló ń ronú gígùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ní ọ̀nà Machame tá a gbà, láti orí òkè 5,895 mítà, ẹ máa sọ̀ dé àgọ́ Mweka tó wà ní nǹkan bí 3,100 mítà lọ́jọ́ kan náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fi gbogbo òru gùn. Orúnkún tí ò bá tíì kọ́ ọ nílé, ibẹ̀ ló ti máa sunkún.

Torí náà, ẹ má gun òkè Abuja lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ lọ sílé. Òkè wa ò ga, ẹ gùn ún, ẹ sọ̀, ẹ tún un gùn. Lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ìgbésẹ̀ kéékèèké, ẹ má gbá gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má fara ti ẹ̀yìn, ibi tó bá dagun ẹ máa gbà á bí ejò, apá kan dé apá kan. Ẹ mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́. Ọ̀pá ti òyìnbó wọ́n, ọparun tó lágbára tàbí igi ìgbálẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà fún wa l'Abuja, gígùn ẹ̀ kó jẹ́ èyí tí ìgbọ̀nwọ́ máa ká bíi igun ilé tẹ́ ẹ bá dì í mú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ so okùn bàtà lápá òkè le kẹ́ ẹ tó máa sọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀, àkàbà. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú, ẹ gbé báàgì yín, ẹ gun àkàbà ọ́fíìsì tàbí bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lórí títì Kubwa, ẹ gùn ún kẹ́ ẹ sì sọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn máa wò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ kọ́ láti sọ pé ó rẹ̀ yín

Ẹ̀kọ́ tó lè gba ẹ̀mí là nìyí, ó sì ṣòro kọ́ fún àwa ọkùnrin.

Ní ìdánrawò wa kẹrin, oòrùn mú gan-an, ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wá láti ilé ìwé, òyì ti ń kọ́ ọ fún bí ìdajì wákàtí, kò sọ. Gbogbo ìgbà tá a bá bi í, «mo wà pa». Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ara ẹ̀ gbóná janjan, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ò já mọ́ra. Abẹ́ igi la gbé e lọ, a tú aṣọ ẹ̀, gbogbo píọ̀ wọ́tà tó ṣẹ́kù la dà lé e lórí, lọ́rùn, lábíyá, a ń fẹ́ ẹ, ọmọ abúlé tó mú wa lọ sáré lọ pe ọkọ̀. Họ́sípítù la gbé e sùn. Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́.

Àtìgbà yẹn la ti ṣe òfin kan. Níbi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́rin: ṣé orí ń fọ́ ẹ, ṣé òyì ń kọ́ ẹ, ṣé inú ń rù ẹ́, ìgbà wo lo tọ̀ kẹ́yìn, àwọ̀ wo ló sì ní? Tí ìtọ̀ bá pọ́n bíi tíì, omi ò tó lára. «Mo wà pa» kì í ṣe ìdáhùn. Ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìbéèrè yẹn kan náà ni wọ́n ń bi èèyàn lórí Kilimanjaro, torí láti bíi 2,500 mítà lọ sókè ni àìsàn òkè ti lè mú èèyàn, ì báà jẹ́ ọ̀dọ́, ì báà jẹ́ ẹni tó ń sáré lójoojúmọ́. Orí fífọ́, inú rírù, àìlejẹun, àìsùn. Tó bá mọ níbẹ̀, ẹ dúró lójú kan, ẹ má gùn sí i títí á fi lọ. Tí ẹnì kan ò bá lè rìn lórí ìlà tààrà mọ́, tó ń ta bí ọ̀mùtí, tàbí tó ń wú ikọ́ tó ní ìfófòó, tí èémí ẹ̀ há nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ìsàlẹ̀ ni oògùn ẹ̀, lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ Diamox tí wọ́n ń lò fún àìsàn òkè, ẹ bi dókítà yín, ẹ má kàn lọ rà á. Ẹ sì yan ìrìn àjò tó ní ọjọ́ púpọ̀, méje tàbí mẹ́jọ, kì í ṣe márùn-ún torí kówó lè dín.

Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀hún já sí. Ọ̀rẹ́ mi yẹn kan náà, ní àgọ́ Barafu, àgọ́ tó kẹ́yìn kéèyàn tó gun orí òkè, 4,670 mítà, ó wá bá mi ní aago mẹ́wàá òru, ó ní, «orí ń fọ́ mi, mo bì lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè dúró lójú kan». Kò bo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀ lóru yẹn. Kílẹ̀ tó mọ́ ara ẹ̀ ti balẹ̀. Àwa márùn-ún yòókù dé orí òkè, Àǹtí wa ló ṣíwájú, mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Ẹni tó sọ̀ yẹn, òun ni mo ń wo bí akọni jù nínú gbogbo wa.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bó ṣe ń pọ̀ sí i

Ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, wákàtí méjì ní Sátidé. Ìkẹrin sí ìkẹfà, mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìkeje sí ìkẹsàn-án, wákàtí márùn-ún, kẹ́ ẹ sì rìn díẹ̀ ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìkẹwàá àti ìkọkànlá, wákàtí mẹ́fà sí méje ní Sátidé, kẹ́ ẹ tún gùn ún ní Sọ́ńdè pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn yẹn, torí kò sí ọjọ́ ìsinmi lórí Kilimanjaro. Ìkejìlá, ẹ sinmi, ìrìn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára kún un ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, ìpalára ló ń wá.

Tí ọ̀nà bá dáa tí owó sì wà, ẹ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Jos. Òkè Shere ga tó nǹkan bíi 1,800 mítà, kò tíì dé ibi tí àìsàn òkè ti ń mú èèyàn, ṣùgbọ́n òtútù ọyẹ́ Jos máa jẹ́ kẹ́ ẹ dán àwọn ìbọ̀wọ́ àti jákẹ́ẹ̀tì yín wò. Lórí Kilimanjaro, òtútù tó wà níbẹ̀ lóru máa ń mú kí omi inú ike dì. Ẹ dorí ike náà kodò nínú báàgì, torí lókè ni yìnyín ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹnu ike ò ní dí.

Àwọn ewu kéékèèké, kí n tètè sọ wọ́n. Oyin máa ń gbé inú pàlàpálá àpáta, ẹ má fín lọ́fínńdà, ẹ má dáná, tó bá dìde ẹ bo ojú kẹ́ ẹ sá, ẹ má dúró máa lù ú. Ejò, paramọ́lẹ̀ pàápàá, ẹ má ki ọwọ́ bọ inú ihò tẹ́ ò rí, ẹ fi ọ̀pá lu koríko níwájú. Tó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má fi abẹ gbẹ́ ẹ, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ so ẹsẹ̀ náà mọ́ igi bí èyí tó kán kó má mì, ẹ gbé e lọ họ́sípítù, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn tẹ́ ẹ bá lè gbé e.

Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lọ

Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń gùn, kí ibi tẹ́ ẹ gé má ta yín. Ẹ wo káàdì ibà pọ́njúpọ́njú yín, Tanzania máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, tẹ́ ò bá tíì gbabẹ́rẹ́ ẹ̀, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó wọ̀lú wọn. Bàtà tẹ́ ẹ ti fi ọ̀sẹ̀ méjìlá rìn yẹn, ẹ wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ nínú bàálù, ẹ má kó o sínú ẹrù. Báàgì lè sọnù ní èápọ́ọ̀tù, wọ́n á wá jákẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pá fún yín háyà ní Moshi, ìlú tó wà nídìí Kilimanjaro, ṣùgbọ́n bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ yín, kò sẹ́ni tó máa rí i yá yín níbẹ̀.